Èédú Orí Gíláàsì Mẹ́fà

[Pápákọ̀ òfurufú Port-Bouët, àárọ̀. Ràyhánà pe ìyá rẹ̀. Ariwo èrò.]

RÀYHÁNÀ: Àsàlámù àlékùn, Màámi. Níbo lẹ dé?

ÌYÁ: Wàálékùn sàlámù. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé o ti jẹun—

RÀYHÁNÀ: Màámi, enregistrement ti fẹ́ parí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọ bàálù mọ́!

ÌYÁ: Taxi wa ti kúrò l'Abobo. Embouteillage ni, ọkọ̀ ò lọ. [fèrè ọkọ̀] Àpótí tó o gbàgbé wà lórí itan mi, fọkàn balẹ̀.

RÀYHÁNÀ: Alhamdulillahi. Ẹ má ṣí i o.

ÌYÁ: Mo ti ṣí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ lo fẹ́ gbé e lọ bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Dakar? Gíláàsì pẹlẹbẹ mẹ́fà, dúdú bí ìdí ìkòkò! Ojú tì mí fún ẹ.

RÀYHÁNÀ: Màámi, kí lẹ ṣe?

ÌYÁ: Mo bá ẹ fọ̀ wọ́n ni. Kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú. Wọ́n ń dán gbinrin.

[ohùn ìkéde pápákọ̀]

ÌYÁ: Ràyhánà? Ṣé o gbọ́ mi?

RÀYHÁNÀ: Kì í ṣe ìdọ̀tí, Màámi. Káábọ́ọ̀nù ni. Èmi ni mo mú un hù sórí gíláàsì yẹn, oṣù méje gbáko. Ó fẹ́lẹ́ ju irun lọ. Bí ojú ẹ̀ ṣe rí gbágungbàgun tó ni mo fẹ́ lọ fi ẹ̀rọ wọn wọ̀n. Ẹ̀rọ tí mo fi mú un hù sì ti jóná. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ: Kí lo wí? A ti gun afárá, ohùn ẹ ń já. Oṣù méje kí ni?

RÀYHÁNÀ: Màámi... [ó ń sunkún]

ÌYÁ: Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún? Ṣé nítorí ẹyọ kan tí mi ò tíì fọ̀?

RÀYHÁNÀ: Ẹyọ kan kù?

ÌYÁ: Ẹyọ kan. Taxi ló ń kán mi lójú, mi ò ráyè. Ó wà lọ́wọ́ mi yìí, dúdú kirikiri.

RÀYHÁNÀ: Ha! Ẹ dá a padà sínú àpótí! Ẹ di etí ẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́—

ÌYÁ: Ṣé o gbọ́ mi? Pariwo!

RÀYHÁNÀ: Ẹ má nù ún!

ÌYÁ: Kí n... nù ún?

RÀYHÁNÀ: Rárá! Ẹ má—

ÌYÁ: Ó dáa, má sunkún mọ́. Omi wà nínú ìgò mi, etí ìborùn mi náà mọ́. [aṣọ ń ha lára gíláàsì] Wò ó, dúdú ẹ̀ ti ń ṣí kúrò. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ—

RÀYHÁNÀ: Màámi! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Màámi, ṣé ẹ gbọ́—

[Ìpè já.]