Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Méjì Tí Mo Túmọ̀ Sódì fún Ìyá Bánkọ́lé

Ẹ̀yin ará, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ń tì mí lójú. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń gbé e mọ́ra. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àṣírí máa tú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi.

Télọ̀ ni mí, ní Aké níbí. Ìwé kejì péré ni mo kà. Nígbà ogun tó kọjá yìí, tí gbogbo ènìyàn ń wá ìròyìn, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé ìròyìn, inú rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ òyìnbó. Bí mo bá rí ọ̀rọ̀ tó dùn, bí “as a matter of fact”, màá há a sórí, màá sì máa fi ṣe fáàrí létí àwọn oníbàárà. Ará ilé wá ń pè mí ní Akọ̀wé. Ó dùn mọ́ mi, n ò ní purọ́.

Opó ni Ìyá Bánkọ́lé, aládùúgbò mi. Bánkọ́lé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà ní Ìbàdàn, ó ń retí èsì ìdánwò.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mú lẹ́tà wá bá mi. “Regret” ni mo kọ́kọ́ rí. N ò mọ̀ ọ́n, mo bá fò ó. Mo rí orúkọ Bánkọ́lé, mo rí “passed away” lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́: “passed” tí mo mọ̀ ni èyí tí ìwé ìròyìn máa ń kọ sókè orúkọ àwọn tó yege. Mo rò pé “away” yẹn ni pé ó ta àwọn yòókù yọ.

Mo ní, “Ìyá, ẹ kú oríire. Bánkọ́lé ti yege.”

Ìyá kúnlẹ̀ fún èmi tó lè bí. Lọ́jọ́ Ìsinmi ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó se ìrẹsì Ọ̀fàdà fún gbogbo ilé. Èmi náà jẹ níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí “passed away” nínú ìwé ìròyìn, lábẹ́ àwòrán òkú àgbà kan. Àṣé “ó kú” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo lọ tọrọ lẹ́tà náà lọ́wọ́ ìyá bíi pé mo fẹ́ tún un kà, mo sì sọ ọ́ sínú iná. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá fi ń kọrin kiri ilé, tí mo ń wò ó, tí n ò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀rẹ́ Bánkọ́lé gbé àpótí ẹrù rẹ̀ wálé. Ó ní ibà ló pa á, pé wọ́n ti sin ín. Ó bi wá bóyá lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ kò dé ni. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Mo ní, “Lẹ́tà ìdánwò nìkan ló dé.”

Ọ̀rẹ́ náà wò mí, ó sì gbé àpótí náà fún ìyá.

Láti ìgbà náà, ohun tí ìyá fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni pé ọmọ òun yege kó tó kú. Ó ní kí n kọ̀wé béèrè sátífíkéètì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ lójú rẹ̀, n ò fi ọ̀kankan ránṣẹ́. Sùúrù rẹ̀ ti wá tán. Ó ní ká jọ wọ mọ́tò lọ Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé, kí òun lọ gbà á fúnra òun. Ó ní, “Akọ̀wé, ìwọ lo máa bá mi sọ òyìnbó fún wọn.”

Aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ wà lórí mọ́ṣíìnì mi báyìí. Bí mo bá jẹ́wọ́, mo gba oríire kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, àlejò ni yóò sọ fún un, lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ẹ má fi òyìnbó kọ ọ́.