Bóòtì Kan Lábẹ́ Àkísà

[Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ̀lóò! Mẹkáníìkì wa!

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀nà o, ẹ kú ìrìn. Màámi ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n wà lẹ́yìn níbí. Ojú kan ni dókítà fi báńdéèjì dì, kò dì wọ́n lẹ́nu.

MÀÁMI: Ta nìyẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọ yín tó tún ọkọ̀ ṣe ni, Màámi.

MÀÁMI: Bá mi kí i! Sọ fún un pé ìdí ò dùn mí mọ́! Títí di àná, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni mo ń fi ìdí kà!

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ ṣé, Màámi. Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ dé báyìí?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo tiẹ̀ fẹ́ tọrọ àforíjì. Nígbà tó o mú rọ́bà dúdú yẹn jáde, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé rọ́bà ọ̀pọ̀ yìí ló máa gbé ìdí ọkọ̀ tó ń wọ́lẹ̀ bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ sókè? Ó gbé e o! Ọkọ̀ nàró ṣánṣán!

MẸKÁNÍÌKÌ: Níbo lẹ dé, ẹ̀gbọ́n mi?

Ẹ̀GBỌ́N: A ti kọjá ilé epo. Ohùn rẹ ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

MẸKÁNÍÌKÌ: Mo gbọ́. Ṣé... ṣé ẹ ò gbọ́ ariwo kankan?

Ẹ̀GBỌ́N: Irú ariwo wo?

MẸKÁNÍÌKÌ: Kó, kó, kó. Lẹ́yìn, lọ́wọ́ òsì.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ń dún díẹ̀. Mo rò pé ọ̀pá Màámi ló ń yí gbiri.

MÀÁMI: Ọ̀pá mi wà lọ́wọ́ mi!

[Kó, kó, kó, láti ẹ̀yìn ọkọ̀.]

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Màámi ń gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ń gbọ́. Mo ṣí ohùn fóònù sílẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sitiárín.

MẸKÁNÍÌKÌ: Please, ẹ pa ohùn ẹ̀. Ẹ gbé e sétí.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé? Má já mi láyà o.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ ṣáà gbé e sétí!

[Fóònù ń ha aṣọ. Ìró ẹ́ńjìnnì.]

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti fi èjìká há a mọ́ etí. Sọ̀rọ̀.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ rọra máa wà á. Ẹ má tẹ bíréèkì lójijì.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo ṣe?

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Bóòtì tí mo bá tú, inú fìlà mi ni mo ń kó o sí. Bí fìlà bá ṣófo, mo dé e, iṣẹ́ parí nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́—

Ẹ̀GBỌ́N: Fìlà rẹ wà lórí Màámi!

MẸKÁNÍÌKÌ: Ohun tí mò ń sọ nìyẹn! Màámi ní oòrùn ń ta ojú wọn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Mo da àwọn bóòtì sórí àpótí irinṣẹ́, mo fi fìlà dé Màámi lórí. Ìgbà tí mo wá fẹ́ nu ọwọ́ báyìí, mo gbé àkísà—

Ẹ̀GBỌ́N: O tún ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

MẸKÁNÍÌKÌ: Mo gbé àkísà, mo rí bóòtì kan lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Bóòtì kí ni?

MẸKÁNÍÌKÌ: Ti ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, lọ́wọ́ òsì. Mo tú u kí sípíríǹgì lè yà, kí n lè ti rọ́bà bọ àárín ẹ̀. N ò dá a padà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọwọ́ òsì? Ibẹ̀ ni Màámi jókòó sí!

MẸKÁNÍÌKÌ: Mo mọ̀. Mo mọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló lè ṣẹlẹ̀? Má purọ́ fún mi o.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ṣọ́ọ̀kì yẹn ni kì í jẹ́ kí táyà fà wálẹ̀ jù. Bí ẹ bá kó sí kòtò báyìí, sípíríǹgì lè fò yọ. Ara ọkọ̀ á jókòó lé táyà lórí, táyà á há, ọkọ̀ á—

Ẹ̀GBỌ́N: Á yí?

MẸKÁNÍÌKÌ: Ó lè yí.

Ẹ̀GBỌ́N: Yéè! Mo gbé!

MÀÁMI: Kí ló ń wí?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí nǹkan kan, Màámi. Ó ní táyà ń fẹ́ atẹ́gùn.

[Fèrè ọkọ̀ ńlá, ó gùn.]

MẸKÁNÍÌKÌ: Kí nìyẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń le mí bọ̀ lẹ́yìn. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn yẹn kalẹ̀.

MẸKÁNÍÌKÌ: Èyí tí wọ́n gbẹ́ kòtò dábùú títì nísàlẹ̀ ẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Òun náà ni.

MẸKÁNÍÌKÌ: Olúwa o. Ẹ ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ ò gbọdọ̀ dé kòtò yẹn!

Ẹ̀GBỌ́N: Kò síbi tí mo lè yà sí! Gọ́tà rèé lọ́tùn-ún, ọkọ̀ rèé lósì—

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú, méjèèjì. Ẹ bọ́ sí jíà kejì, kí jíà máa bá yín dì í mú.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti bọ́ sí jíà kejì.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ fi sí i bẹ́ẹ̀. Ẹ rọra.

[Ẹ́ńjìnnì ń kùn. Fèrè, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó fẹ́ gun orí wa!

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ jẹ́ kó máa fọn fèrè ẹ̀, kó fọn ọ́n títí ètè ẹ̀ á fi bó! Ẹ má wò ó. Iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọgbà oníbúlọ́ọ̀kù kan wà níwájú. Wọ́n ṣí géètì.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ṣé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ tẹ́jú?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó tẹ́jú.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ yà síbẹ̀. Bí ẹni gbé ẹyin lẹ́rù ni o.

[Táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́. Irin ń kan irin. Ọkọ̀ akẹ́rù kọjá pẹ̀lú fèrè.]

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ̀gbọ́n mi?

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti dúró.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn. Ẹ má ki orí bọ abẹ́ ẹ̀ o!

[Ilẹ̀kùn ọkọ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Háà. Ṣọ́ọ̀kì ń rọ̀ dirodiro. Sípíríǹgì ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, rọ́bà rẹ ti yọ orí síta—

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ gbé Màámi jáde! Ọwọ́ ọ̀tún! Wọn ò gbọdọ̀ gba ọwọ́ òsì!

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi, ẹ bá mi mú fóònù yìí, kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì dì yín mú.

MÀÁMI: Hẹ̀lóò? Ọmọ mi.

MẸKÁNÍÌKÌ: Màámi, ẹ rọra sún sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ máa wọ́ bọ̀.

MÀÁMI: Mò ń wọ́. Kí ló dé tí ohùn rẹ ń gbọ̀n?

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ẹ máa wọ́.

MÀÁMI: Ẹ̀gbọ́n rẹ ló fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá, ṣó o mọ̀? Mo ní rárá. Mo ní bí kì í bá ṣe ọwọ́ ọmọ mi ló kàn án, n ò ní wọ̀ ọ́.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ṣé ẹsẹ̀ yín ti kanlẹ̀?

MÀÁMI: Ọ̀kan ti kanlẹ̀. Ìkejì ṣì há sí—

Ẹ̀GBỌ́N: [lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù] Ẹ gbé ẹsẹ̀, Màámi! Ẹ gbé e!

[Ìró ńlá. Irin ń ta gbàù, ara ọkọ̀ balẹ̀. Igbe.]

MẸKÁNÍÌKÌ: Màámi!

MẸKÁNÍÌKÌ: Màámi! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ẹnì kan ń mí hẹlẹhẹlẹ.]

MẸKÁNÍÌKÌ: Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn—

MÀÁMI: Mò ń gbọ́ ẹ. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ dì mọ́ mi, kò fẹ́ tú mi sílẹ̀.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ṣé ẹ ò fara pa?

MÀÁMI: Ibì kankan ò ta mí. Ṣùgbọ́n ibi tí mo jókòó sí nínú ọkọ̀ yẹn ti lọ sílẹ̀ pátá. Ọ̀nà burúkú yìí ló bà á jẹ́, mo mọ̀.

MẸKÁNÍÌKÌ: Màámi—

MÀÁMI: Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Bí kì í bá ṣe pé o pè, à bá ti kú. Ìwọ lo gba ẹ̀mí mi là lónìí. Kò sí ẹni tí n ò ní sọ fún.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ má sọ fún ẹnì kankan. Kì í ṣe ọ̀nà. Èmi ni, Màámi. Èmi ni mo gbàgbé—

MÀÁMI: Ohùn rẹ ń já. Kí lo wí?

MẸKÁNÍÌKÌ: Mo ní èmi ni! Èmi ni mo fẹ́ẹ̀ pa yín, Màámi! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ìpè já. Tùù. Tùù. Tùù.]