Igi Óákù Mẹ́jọ Lábẹ́ Ọkọ̀ Lowell

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Èémí tó kù nínú mi kò tó láti fi sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì bẹ Arákùnrin Estill, olùṣọ́-àgùntàn wa, pé kó bá mi kà á bó ṣe wà. Estill, má fo ìlà kankan o, kódà bí ojú bá ń tì ọ́. Èmi Verlin Tackett, tí ẹ ti ń pè ní arákùnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí láti ọdún mẹ́sàn-án wá, èmi ni mo pa Lowell Ratliff. Ọkọ̀ kò ṣèèṣì já lù ú. Èmi ni. Ó di ọdún mọ́kànlá tí mo ti gbé e mì, òun àti eruku èédú ni wọ́n sì jọ ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró mi báyìí. Dókítà ní mi ò ní rí ìgbà tí ewé máa rẹ̀. Mi ò fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí kí wọ́n tó rì mí bọ odò, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi máa ń yá ju ẹnu mi lọ. Mo ti ṣẹ́ Rhonda ìyàwó mi léegun èjìká rí, torí ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo tó tutù. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó mú Shawna, ọmọ kan ṣoṣo tá a bí, ó lọ. Nígbà tó yá, ó fẹ́ Lowell. Mo mọ Lowell dáadáa, inú kòtò èédú kan náà la jọ ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń to igi óákù ró òrùlé kí òkè má bàa wó lù wá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹun ọ̀sán lábẹ́ igi tí ọkùnrin yẹn tò, nǹkan kan ò sì ṣe mí. Bí mo ṣe san án fún un nìyẹn.

Nígbà tí Shawna wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀rọ̀ owó orí wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rán ọmọ níwèé mọ òfin náà. Ìjọba máa ń yọ lára owó orí ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n tiẹ̀ máa ń dá díẹ̀ padà sí i lọ́wọ́. Ó lè tó ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ dọ́là lọ́dún, fún ọdún mẹ́rin péré. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé owó orí rẹ̀. Adájọ́ tó tú wa ká pín in: ọdún kan fún Rhonda, ọdún kejì fún mi, kí ẹni tí kò kàn fọwọ́ sí ìwé fún ẹnì kejì. Lọ́dún yẹn, èmi ló kàn, Rhonda sì ti fọwọ́ sí i. Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe owó náà ló ká mi lára jù. Lowell ni Shawna ń bá jẹun. Lowell ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Ibi kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ mi ni ni ìwé owó orí yẹn, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún méjì.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kejì, mo lọ sí ilé ìkàwé ìlú, níbi tí wọ́n ti ń bá wa ṣe ìwé owó orí lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mú ìwé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ránṣẹ́ dání, pẹ̀lú èyí tí Rhonda fọwọ́ sí. Obìnrin tó ń bá mi ṣe é tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó rán an, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dá a padà. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Tackett, wọ́n ní ẹnì kan ti lo nọ́ńbà ọmọ yín nínú ìwé míì.” Mo ní, “Ta ni?” Ó ní, “Wọn kì í sọ ẹni náà. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Màá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n á yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn.” Ó tẹ̀ ẹ́, ó kì í sínú àpòòwé, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará, ọ̀nà àbáyọ ti wà lọ́wọ́ mi, tòun ti àpòòwé. Ṣùgbọ́n orúkọ Lowell nìkan ló ń dún létí mi.

Mo wọ ọkọ̀. Mo pe Shawna, kò gbé e, ni mo bá fi ohùn sílẹ̀ fún un. Mo ní, “Ọkọ ìyá ẹ ti jí ẹ lọ́wọ́ mi lórí bébà náà. Màá lọ kọ́ ọ lọ́gbọ́n.” Nígbà tí mo dé ilé wọn, Rhonda ti lọ ra nǹkan lọ́jà, ọkọ̀ rẹ̀ kò sí níta. Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ibi tí Lowell ti máa ń tún ọkọ̀ ṣe. Abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Jáàkì ló gbé iwájú ọkọ̀ náà dúró, ó sì to igi óákù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mẹ́rin níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún, bó ṣe máa ń tò wọ́n nínú kòtò. Mi ò kí i. Mo fi bàtà onírin mi gbá a ní ìhà. Ó pariwo, ó yọ orí síta, ó ní, “Verlin? Kí ni mo ṣe fún ẹ?” Mo ní, “O gba obìnrin, o gba ilé, ó wá ku orúkọ ọmọ.” Mo fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú lẹ́nu, eyín rẹ̀ méjì sì já bọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Ìwé owó orí lò ń sọ? Mi ò fi ọmọ náà síbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, ọdún tìẹ nìyí.” Mo ní, “Olè ò ní ṣe kó má mọ ìbúra.” Ó na ọwọ́ kó fi dìde, mo fi bàtà tẹ ọwọ́ náà mọ́ simẹ́ńtì títí mo fi gbọ́ tí egungun ìka rẹ̀ ń run.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Ó wọ́ padà sábẹ́ ọkọ̀ kó lè sá fún mi. Ó rò pé abẹ́ igi tí òun fúnra òun tò kò lè pa òun. Òòlù ńlá kan dúró ti ògiri, òun ni mo mú. Mo gbá igi àkọ́kọ́ yọ. Lowell ní, “Verlin, má fọwọ́ kan igi yẹn. Wá lù mí. Mò ń jáde bọ̀, wá lù mí.” Mo gbá ìkejì. Ṣé kí n sọ pé èṣù ló wọ̀ mí? Èṣù kọ́. Orí mi pé, mo ń wo ibi tí mo ń gbá. Nígbà tí mo gbá èyí tó gbẹ̀yìn yọ, jáàkì náà wọ́, ọkọ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lé Lowell láyà, ó há a mọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gba etí ẹnu rẹ̀ jáde. Jáàkì yẹn nìkan ló kù tí kò jẹ́ kí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ pa.

Bẹ́ẹ̀ ni fóònù mi dún. Shawna ni. Ariwo ẹ̀rọ kòtò ti ba etí mi jẹ́, mo máa ń ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ gbangba, nítorí náà àwa méjèèjì la gbọ́ ọ. Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá Lowell jà. Èmi ni. Mo ti fi fóònù ṣe ìwé owó orí tèmi, torí kí n lè gba owó kékeré tí wọ́n yọ nínú owó iṣẹ́ mi padà, níbi tí mo ti ń ta písà. Wọ́n bi mí bóyá ẹlòmíì lè kọ orúkọ mi sínú tiẹ̀, mo sì tẹ ‘rárá.’ Ẹ̀ẹ̀mejì ni Lowell kìlọ̀ fún mi. Ó ní, ‘Ọdún bàbá ẹ nìyí o, má fi èyí gba ara ẹ lọ́wọ́ ẹ̀.’ Mo kàn ń kánjú ni. Ṣé ẹ ò bínú?” Lowell la ẹnu, kò rí afẹ́fẹ́ tó máa fi pariwo. Mo ń wò ó lójú nígbà tí mo dáhùn pé, “Mi ò bínú, ọmọ mi.” Ó ní, “Ẹ ṣé, Dádì. Tẹ́ ẹ bá rí Lowell, ẹ sọ fún un pé irin méjì tó fi ń ró ọkọ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi. Mo gbé wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò rántí dá wọn padà.”

Mo pa fóònù. Lowell ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè gbọ́. Ó ní, “Fa jáàkì yẹn sókè. Màá ní ó yẹ̀ lọ́wọ́ mi ni. Mi ò ní sọ fún Rhonda. Mi ò ní sọ fún ọmọ.” Ẹ máa rò pé ẹ̀rù ló bà mí pé ó máa sọ. Rárá o. Mo gbà á gbọ́. Mo mọ̀ pé kò ní sọ. Ohun tí mi ò lè fara dà ni kí n máa rìn kiri ìlú yìí nínú àánú Lowell Ratliff, kó máa kí mi lójú pópó, kí èmi náà máa dá a lóhùn. Mo mú ọ̀pá jáàkì. Ó rò pé mo fẹ́ fà á sókè, ó ní, “O ṣeun.” Mo fi í yí kókó tó ń sọ jáàkì kalẹ̀ sí òdì.

Mi ò ní sọ bó ṣe dún. Mo kó igi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sẹ́yìn ọkọ̀ mi, mo fi òòlù sí àyè rẹ̀, mo lọ sílé. Igi yẹn ni mo fi dáná yá fún ọjọ́ méjì. Mo fi ìwé owó orí náà ránṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Nígbà tí owó dé, mo fi lára rẹ̀ ra òdòdó sí sàréè Lowell lọ́jọ́ tí a máa ń tún ibojì ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí sì yìn mí pé mo ti dárí ji ẹni tó gba ìyàwó mi.

Níbi ìsìnkú, àwọn ọmọ kòtò ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé, “Lowell? Lowell tí kì í wọ abẹ́ ibi tí kò nígi?” Wọ́n wá ìdí rẹ̀, wọ́n sì rí i lọ́dọ̀ Shawna. Irin ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ìdí nìyẹn tí kò fi rí nǹkan ró o. Ṣẹ́rífù, olórí ọlọ́pàá wa, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ka eyín àti ìka tó fọ́ mọ́ ohun tí ọkọ̀ ṣe. Shawna gbà pé ìpè òun ti dá mi dúró lọ́nà; ó wá bá mi nílé, ó ní, “Dádì, mo ti pa á.” Ó sì yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo gbá a mọ́ra, mo ní, “Ọlọ́run á dárí jì ẹ́.” Èmi tí mo yí kókó náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi. Kò padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́. Ọdún mẹ́rin ni òfin fún un, ọdún kan àti díẹ̀ ló lò. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì títí di òní, kì í sì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tàbí kó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ìbínú ò da nǹkan fúnni. Bí wọ́n bá fi àpòòwé lé yín lọ́wọ́, ẹ lọ fi ránṣẹ́. Rhonda, mo bẹ̀ ọ́, bí o kò bá sì gbà, o ò jẹ̀bi. Ṣẹ́rífù wà lórí àga ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn, èmi ni mo ní kó wá, á bá mi lọ tí Estill bá kà á tán.

Shawna, gbé orí sókè, ìwọ ni mo kọ èyí sí. Irin tó wà lọ́wọ́ ẹ kò pa ẹnikẹ́ni. Lowell ti rí nǹkan míì ró ọkọ̀ náà, ó sì ró o dáadáa. Igi óákù mẹ́jọ ni. Mo kà wọ́n bí mo ṣe ń kì wọ́n sínú ààrò.