Ìyálé Onímájèlé

Nínú bọ́ọ̀sì kékeré tó ń ti Ìkìrun lọ sí Òkukù ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín màmá alákàrà kan àti ọkùnrin tó ń palẹ̀mọ́ fún ìsìnkú bàbá rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú gbogbo àwọn tó bá wọn ṣeré orí ìtàgé, ẹ̀yin nìkan ló kù."

"Bàbá rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba òwò mi jẹ́ o! Wọ́n kọ eré kan, wọ́n ní èmi ni kí n ṣe ìyálé tó fi májèlé sínú ọbẹ̀ orogún rẹ̀. Mo ṣe é dáadáa débi pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó ra àkàrà mi mọ́ ní Ìnísà."

"Háà! Àwọn èèyàn rò pé òótọ́ ni?"

"Wọ́n mọ̀ pé eré ni. Kò kàn sẹ́ni tó fẹ́ fi ikùn ara rẹ̀ dán an wò. Ni bàbá rẹ bá ń wá láràárọ̀. Wọ́n á dúró níwájú ìsọ̀ mi, wọ́n á jẹ àkàrà mẹ́ta lójú gbogbo èèyàn, wọ́n á ní, 'Májèlé ọjọ́ yẹn, èmi ni mo fi sí i lọ́wọ́. Kò ní kankan nílé.' Títí àwọn oníbàárà mi fi padà."

Ọkùnrin náà rọra tún un sọ: "Èmi ni mo fi sí i lọ́wọ́." Ó ní, "Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá. Ó ti tó."

Màmá mirí.

"Ọmọ mi, kò sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ rí níwájú èrò tí kì í ṣe pé bàbá rẹ ló kọ ọ́ fún mi. Ta ni yóò wá kọ eléyìí?"