Títì Tó Ń Dán ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìyẹ̀sí

Ọjọ́ tí Àmọ̀dá mọ̀ pé àìsàn náà kò ní dá òun sí, ó ní kí Àdìzát ìyàwó rẹ̀ lọ pe Fàlílù wá. Ilé-kéwú kan náà ni àwọn ọkùnrin méjèèjì lọ ní Ọ̀tà, ṣùgbọ́n ọdún kẹfà nìyí tí wọn kò ti jọ jókòó. Lẹ́yìn ìrun alásàárì, Fàlílù wọlé. Àmọ̀dá ní kí wọ́n gbé òun ró ti ògiri.

"Àdìzát, má jáde. Ohun tí mo gbé mì kò dà nínú mi. Bí n kò bá bì í lónìí, yóò bá mi wọ sàréè."

Ó wá sọ ọ́. Òun ni olórí àwọn tó ń tún títì ṣe láti Ọ̀tà dé Àtàn lọ́dún 1952, nígbà tí òyìnbó ọ̀gá wọn sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìyẹ̀sí, tó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ọ̀nà. Táyà ti jẹ ẹnu òkúta ibẹ̀, ó ti jọ̀lọ̀ bí ọlọ tó gbó. Òyìnbó ní kó da ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó tẹ òkúta wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu mímú mọ́ ọn kí òjò tó dé, kí táyà lè rí nǹkan dì mú. Lọ́rì òkúta méjì ni wọ́n já síbẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé Àmọ̀dá ló gba ọ̀kan àti ààbọ̀.

"Mo ní ta ni yóò ka òkúta? Olè ni mí, Fàlílù."

Ó da ọ̀dà kíki kí àìtó òkúta má baà hàn, ó wọ́n ìyókù òkúta lé e. Nígbà tí oòrùn mú, ọ̀dà yọ́, ó bo òkúta mọ́lẹ̀. Títì dúdú, ó ń dán. Gbogbo èrò ọ̀nà ló ń kí i kú iṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà Àtàn kan, òjò ń fọ́n, Fàlílù ń wa lọ́rì bọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Táyà dúró, ọkọ̀ kò dúró. Ó yọ̀ bí ẹni tẹ ilá, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú kòtò. Ìyádùnní ẹlẹ́lùbọ́ tó wà nínú ọkọ̀ kú síbẹ̀, òun àti ọmọ tó pọ̀n. Àmọ̀dá wà lára àwọn tó gbé wọn jáde. Ẹsẹ̀ òun náà yọ̀ lórí ọ̀dà yẹn, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni.

Fàlílù wá bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìwọ lo mọ títì yẹn. Bá mi sọ fún wọn pé ọ̀nà ló yọ̀."

Ó ní, "Màá sọ."

Ní kóòtù, ó gbé Kùránì lọ́wọ́, ó ní, "Eré àsápajúdé ló sá." Fàlílù ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin.

Láti ìgbà náà ni Àmọ̀dá ti di ẹrú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Bó bá ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n á bi í pé ibo ni òkúta àkọ́kọ́ wọ̀. Bó bá dákẹ́, ẹlòmíràn á kú. Bí òjò bá ṣú, á ru agbọ̀n yanrìn, á lọ fọ́n ọn sójú ọ̀nà. Òjò a sì wọ́ ọ lọ. Àwọn ará Ìyẹ̀sí a máa ṣàdúà fún un pé aláàánú ni. Àdúà kọ̀ọ̀kan dà bí àgádágodo tuntun lára rẹ̀.

Àdìzát ti bú sẹ́kún. Fàlílù ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún ara rẹ̀.

"Nítorí náà, mo tẹ bíréèkì," ó ní. "Wọ́n ní n kò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sọ ọ́ fún mi títí lẹ́wọ̀n, mo gbà pé irọ́ ni mò ń pa. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ ìyá náà àtọmọ rẹ̀ lójú oorun. Àmọ̀dá, mo tẹ bíréèkì!"

"O tẹ̀ ẹ́. Dárí jì mí. Sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ títì pé kí wọ́n má fi dídán bo àbùkù. Ẹni tí wọn kò mọ̀ ni yóò fi ẹ̀mí san án."

Fàlílù dìde.

"Èmi nìkan kọ́ lo ṣẹ̀. Àtàn ni mò ń lọ báyìí, láti mú ọkọ Ìyádùnní wá. Ẹnu ara rẹ lo máa fi sọ fún un. Má tíì kú o."

Ó jáde. Àmọ̀dá ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Àdìzát nu ojú, ó tẹ́ ẹní síwájú ibùsùn fún àwọn tó ń bọ̀.