Ojú Ló Kú, Ọwọ́ Kò Kú

Alága wa, Olóyè Kọ́mọláfẹ́, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ìjòyè àti àgbààgbà Ìkẹ́nnẹ́, mo kí yín. Ẹ̀yin aṣojú ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin ààfáà àti pásítọ̀, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àlejò tí ẹ gun ọ̀kadà wá láti Irolu àti Akaka nínú òjò àná tí kò tíì gbẹ lójú ọ̀nà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, tí ẹ ti rí ọmọọmọ, síbẹ̀ tí ẹ ń nawọ́ sókè ní kíláàsì bí ọmọ iléèwé, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ló yẹ kí n sọ lónìí. Ìjọba ní kí èmi Àpínkẹ́ máa lọ sinmi lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, eegun mi náà sì ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń múra láàárọ̀, tí mo bojú wo ẹ̀yìn pé kí ẹnì kan bá mi so ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú mi fi rí báyìí. Ẹ má bínú sí mi.

Nígbà tí a dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà yìí sílẹ̀, ìwé kíkà nìkan la fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, síbẹ̀ àwọn èèyàn kò yà síbẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ ìmọ̀. Ojú ló ń tì wọ́n. Bánkẹ́ tó jókòó sí ọ̀tún mi yìí ló ń bá mi kiri ojúlé dé ojúlé, tó ń fi ẹ̀rín gba èébú. Òun ló sọ pé ká fi iṣẹ́ ọwọ́ kún un: aṣọ rírán, ọṣẹ ṣíṣe, fóònù títúnṣe, àga híhun. Bánkẹ́, bí ìlú yìí bá ń yìn mí, ìwọ ni wọ́n ń yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí obìnrin máa pe gbogbo ìlú wá kẹ́kọ̀ọ́, kí ọkọ tirẹ̀ má dá a lóhùn?

Akóredé ọkọ mi, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń ná Ìkẹ́nnẹ́ sí Ṣàgámù. Ọ̀pọ̀ yín ló gbé lọ sí ọjà, tó gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Àìsàn ojú kan tí kì í dunni ló wọlé sí i lára, ó ń jí ìríran rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ó dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà fún olówó rẹ̀, ó sì wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ọdún ń gorí ọdún, ó wà níbẹ̀. Bí ó bá gbọ́ fèrè bọ́ọ̀sì lójú títì, á yíjú sí ògiri.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá kọ́ iṣẹ́. Ó ní òun kò lè di ọmọ iléèwé lọ́wọ́ ìyàwó òun. Mo rán àwọn èèyàn sí i, ó ní kí wọ́n máa lọ ní àlàáfíà.

Alhaja Raqeebah ló rí ọkàn rẹ̀ yí padà. Wọ́n wà ní ìjókòó yìí. Ẹ ṣeun, ìyá mi. Oníṣòwò obì ni wọ́n ní Ṣàgámù, ọkọ mi ló máa ń bá wọn ru agbọ̀n obì sínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ti ń bá wa kọ́ ìwé kíkà nígbà náà. Lọ́jọ́ kan tí a jáde ní kíláàsì, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ kí dírẹ́bà àwọn. Wọ́n ròyìn fún un pé àwọn ti lè kọ orúkọ àwọn. Akóredé rẹ́rìn-ín, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwé ṣe lọ́jọ́ alẹ́.

Alhaja kò bínú. Wọ́n ní, “Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti ń fi ìka tẹ̀wé. Mi ò fẹ́ kú bẹ́ẹ̀. Ìwọ ńkọ́, Akóredé? Ojú rẹ ló kú, ọwọ́ rẹ ò kú.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi béèrè bàtà rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, a sì jọ rìn wá síbí. Títú ló ń tú àga àkọ́kọ́ tó hun, á tún un hun, á tún tú u. Okùn rọ́bà ń gé e lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ ń rí ohun tí ojú èmi kò rí. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kì í fọwọ́ kan okùn, nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ ìsinmi Olúwa nínú ìjọ wa. Bí ọjọ́ Àìkú bá ti mọ́, ó ti jí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó tún ń kọrin bíi ti ìgbà tó ń wakọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹ̀yin ẹ yẹ́ Akóredé sí lójú ayé rẹ̀. Mi ò ní gbàgbé.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Àìsàn ọkàn ló dá a dúbúlẹ̀ lásìkò òjò tó kọjá. Lórí ibùsùn ó pè mí, ó ní, “Àpínkẹ́, ká ní mo tètè gbọ́ tìẹ.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó le koránkorán, àpá okùn wà lára rẹ̀ káàkiri. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n bá a sin.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ojúọlá àti àwọn mìíràn tí ọkọ mi kọ́ ní àga híhun wá sílé wa. Wọ́n bá àwọn àga tí kò tíì hun tán lọ́dẹ̀dẹ̀. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń hun ún lọ. Èmi wà nínú yàrá, mo ń gbọ́ bí okùn ṣe ń fà lára irin àga, mo sì sunkún débi tí mo sùn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì jókòó sílé, ẹ̀yin tí ẹ ní ó ti bọ́, ta ni ẹ ń dúró dè? Ẹni tó ṣáájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, a kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú jẹ ọdún yín bó ṣe jẹ ọdún ọkọ mi.

Ẹnikẹ́ni tí mo bá fi ohùn líle bá wí nínú yín, ẹ forí jì mí. Lọ́jọ́ Ajé, Bánkẹ́ ni yóò dúró níwájú pátákó. Èmi náà ń bọ̀, ṣùgbọ́n mi ò wá kọ́ni. Mo ti bẹ Ojúọlá kó fi àpótí ìjókòó kan sílẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ kọ́ àga híhun.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín ṣófo. Ẹ kò ní fi ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún yín ṣòfò. Olúkúlùkù yóò bá ayọ̀ nílé. Ẹ bá mi mú ọwọ́ Bánkẹ́ dání o. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé tí ẹ bá mi sunkún.