Apá Òsì Súwẹ́tà Pupa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ fọ́tò, ẹ pè mí pé kí n wá sọ bóyá onífọ́tò nílò kámẹ́rà tí kì í ya ohunkóhun ju dúdú àti funfun lọ. Màá dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà ò sì dùn, nítorí náà ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú sílẹ̀ kó má bàa bá mi wọ ilẹ̀. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kí wọ́n bá mi wá. Àwọn ni wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, tí wọ́n gbé báàgì lé itan. Wọn ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Gbogbo yín lẹ mọ ẹnu mi. Látìgbà tí mo ti ra kámẹ́rà yẹn ni mo ti ń fọ́nnu pé ẹni tó bá ya fọ́tò aláwọ̀, tó wá lọ ń fi kọ̀ǹpútà bọ́ àwọ̀ ara ẹ̀ kúrò, òpùrọ́ ni. Ẹ máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Kámẹ́rà náà dára o, mi ò ní torí ẹ̀ṣẹ̀ mi bà á lórúkọ jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló ń rí. Tí èèyàn bá fi kámẹ́rà lásán ya fọ́tò, tó sì bọ́ àwọ̀ ẹ̀ kúrò, àwọ̀ ṣì wà lábẹ́ fọ́tò náà tí a bá wá a, ṣùgbọ́n ní ti èyí, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi bí. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fajú ro. Ìyá ẹ̀ hun súwẹ́tà pupa fún un, òwú wá tán nígbà tó ku apá òsì. Kò sí irú òwú yẹn lọ́jà mọ́, ni wọ́n bá fi òwú aláwọ̀ ewé parí ẹ̀. Wọ́n fẹ́ tú u, ọmọ ní, "Ẹ má tú u, màámi. Tó bá jẹ́ àwọ̀ kan náà ni, wọ́n á ní ẹ rà á ni." Ó wọ̀ ọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi ọwọ́ òsì gbé àgbọ̀n ẹ̀ ró, ó ń rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà tí mo fi ń fọ́nnu wà lọ́dọ̀ alátùnṣe lọ́jọ́ yẹn. Mo fi kámẹ́rà lásán yà á, mo sì bọ́ àwọ̀ ẹ̀ kúrò. Nígbà tí a pàtẹ fọ́tò wa, tèmi ni gbogbo èèyàn ń wò. Wọ́n ní, "Ẹ wo ohun tí kámẹ́rà yẹn ṣe." Mo tẹ orí ba bí onírẹ̀lẹ̀, èmi alágàbàgebè.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí àìsàn mú Ẹlẹ́rìn-ín lọ. Súwẹ́tà yẹn ni ìyá ẹ̀ wọ̀ fún un kí wọ́n tó sin ín. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, fọ́tò yẹn dára, ṣùgbọ́n apá méjèèjì jọra níbẹ̀. Ṣé o ò ní èyí tó ní àwọ̀? Apá òsì yẹn ni mo fẹ́ rí." Òótọ́ ni, pupa àti àwọ̀ ewé ti di eérú kan náà. Ọ̀rẹ́ mi tó ń bá mi tẹ fọ́tò tẹ̀ lé mi wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó ti rí ojúlówó ẹ̀ tó ní àwọ̀ rí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi hàn wọ́n. Kí ló kàn yín pẹ̀lú ẹnu ayé?" Mo ní kó panu mọ́, pé wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri, gbogbo èèyàn á sì mọ̀. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín sí mi nínú súwẹ́tà ẹ̀. Ìyá ẹ̀ wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọn imú. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo pa á rẹ́. Mo jáde, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kámẹ́rà yẹn kì í rí àwọ̀." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá wọn wò ó.

Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, ì bá sàn díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ apá òsì yẹn fún àwọn ará ilé tí wọn ò fi ojú rí súwẹ́tà náà, àwọn yẹn sì ń fi fọ́tò mi sọ wọ́n di òpùrọ́. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló fẹ́ da orí wọn rú. Ẹ̀gbọ́n mi tún padà wá bá mi. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Ṣé mo fi òwú mìíràn parí ẹ̀ lóòótọ́, àbí mo lá a ni?" Èmi tí mo fi ojú ara mi rí i, mo ní, "Kámẹ́rà kì í parọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ọ̀rọ̀ yẹn burú ju pípa tí mo pa fọ́tò rẹ́ lọ. Wọn ò sọ̀rọ̀ súwẹ́tà mọ́, wọn ò sì hun nǹkan kan mọ́. Ọ̀rẹ́ mi atẹ̀fọ́tò ò bá mi jà, kò kàn wá mọ́ ni. Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti rù ú délé, kò sì sí ẹni tó máa bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń tan rédíò kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn, gbogbo ojú tó wà lára ògiri á sì máa wò mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìdáhùn mi rèé. Tí ẹ bá lágbára ẹ̀, ẹ ra kámẹ́rà náà. Tí ẹ ò bá ní in, ẹ bọ́ àwọ̀ fọ́tò yín kúrò, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìyá ọmọ bá ní kí ẹ fi ọmọ òun han òun, ẹ fi hàn án.

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní fọ́tò tí mo lè fún yín mọ́. Ohun tí mo rí kẹ́yìn ló kù. Súwẹ́tà náà pupa. Apá òsì ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, apá yẹn náà ló sì fi gbé àgbọ̀n. Ẹ ò lá a, ẹ̀yin lẹ hun ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Tí ẹ ò bá sì lè ṣe é, ẹ ṣáà délé kí ẹ sọ fún gbogbo wọn pé orí yín pé, èmi ni mo parọ́.